Ta Ló Fi Màrìwò Yí Àádùn Ajíbọ́lá Ká?

Inú tó bí Ajíbọ́lá lọ́jọ́ fẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ayẹyẹ ọdún òmìnira, ká ní wọ́n gbé ìkòkò lé e lórí ni, ì bá se iṣu tí gbogbo Ìdígní yóò jẹ yó, tí yóò sì tún ṣẹ́kù fún àwọn ewúrẹ́ wọn. Ẹni tó bá ní àsọdùn ni, kò mọ obìnrin náà ni. Ọdún kan péré ni Dahomey ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira nígbà náà, àwọn kan sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi òmìnira ọ̀hún ba iṣẹ́ oníṣẹ́ jẹ́.

Ajíbọ́lá kì í ṣe ọmọ ọba, kì í ṣe aya ọlọ́lá, kò sì rí inú lékọ̀ọ́lù, ilé ìwé Faransé, rí àfi lójú fèrèsé. Òdómẹ̀ta ni wọ́n bí i sí. Ọkọ rẹ̀, Ògúndìran, àgbẹ̀ kan tó máa ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ sọ bí ẹni pé wọ́n ń wọn ọ̀rọ̀ fún un láràárọ̀, ló fẹ́ ẹ wá sí Kétu. Àádùn ló ń ṣe. Gbogbo ẹni tó léyín nílùú náà ló ti jẹ àádùn rẹ̀ rí, àwọn tí kò léyín mọ́ sì ń fi ahọ́n lá a. Yóò yan àgbàdo gbígbẹ títí òórùn rẹ̀ yóò fi jí àwọn tó ń sùn ọ̀sán lójú oorun. Yóò lọ̀ ọ́ lórí ọlọ, yóò jọ̀ ọ́, yóò tún èyí tó kù lọ̀, títí ìyẹ̀fun náà yóò fi kúnná débi pé bí ẹnìkan bá sín ní òdìkejì ọjà, ó di kí Ajíbọ́lá fi ara bò ó. Lẹ́yìn náà ni yóò da epo pupa sí i, yóò fi iyọ̀, ata díẹ̀ àti oyin sí i, yóò sì pò ó.

Títí débẹ̀, gbogbo aláàádùn Kétu ló mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n tiwọn, wọ́n á kàn ṣù ú, wọ́n á fi ewé dì í, ó parí. Ti Ajíbọ́lá lójú.

Òjò ló fà á. Lọ́jọ́ kan tí òjò lé gbogbo oníbàárà wọlé, Ajíbọ́lá jókòó ti igbá rẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà, ọwọ́ rẹ̀ kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó. Ó mú ìṣù àádùn kan, ó fà á nídìí, ó tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn, ó rí i pé àkùkọ ni. Ó wá hóró atare méjì, ó fi ṣe ojú fún un. Ọmọ kan tó ń kọjá lọ pẹ̀lú ìyá rẹ̀ rí àkùkọ yìí, ó sì jókòó sínú ẹrẹ̀. Ìyá fà á, ọmọ kò dìde. Ó gbá a, ọmọ kò dìde. Bóyá ibẹ̀ ni ọmọ náà ì bá wà títí dòní, tí ìyá rẹ̀ kò bá ra àkùkọ náà fún un.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí Iléyá bá dé, Ajíbọ́lá yóò ṣe àgbò kéékèèké tí ìwo wọn ká bí ẹ̀ka ìtàkùn. Bí ó bá di Nówẹ́lì, ọdún Kérésìmesì, yóò ṣe ẹyẹlé tó ká ìyẹ́ mọ́ra, tí hóró ẹ̀gúsí kan ṣoṣo dúró fún àgógó rẹ̀. Ó ń ṣe ìgbín tó ń yọjú láti inú ìkarahun bí ẹni tó gbọ́ pé ìyá ìyàwó dé. Ó ń fi ẹyọ ìgbálẹ̀ fín ẹ̀yìn ìjàpá, ìjàpá náà yóò sì máa rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó gbọ́ àṣírí ará ilé kejì. Àwọn ọmọdé mọ̀ pé kí wọ́n kọ́kọ́ yọ ojú ẹran náà kí wọ́n tó jẹ ẹ́, nítorí atare ń ta. Onígbàgbọ́, mùsùlùmí, onísẹ̀ṣe, gbogbo wọn ló ń rà á. Ajíbọ́lá kò ní nǹkan mìíràn tó fi ń yangàn láyé ju pé bí àwọn ọmọ bá ti rí ẹran rẹ̀ lókèèrè, eré ni wọ́n ń sá bọ̀. Bí ẹnìkan bá ba èyí jẹ́ fún un, ó ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ nìyẹn.

Ẹni náà sì dé. Jean-Baptiste ni wọ́n ń pè é.

Kétu ni baba Jean-Baptiste ti lọ ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Dakar, Dakar ni wọ́n bí òun sí, Dakar ló dàgbà sí. Oṣù mẹ́ta ṣáájú fẹ́ẹ̀tì ló ṣẹ̀ṣẹ̀ padà wá sílé baba rẹ̀, pẹ̀lú àpótí méjì, bàtà tó ń dún kò-kò-kò, àti èdè ilé baba rẹ̀ tó ń sọ bí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ kan fò lórí àpáta. Nítorí pé kò sí bàtà mìíràn tó ń dún bẹ́ẹ̀ nílùú, wọ́n fi í ṣe alága ìgbìmọ̀ fẹ́ẹ̀tì.

Òun àti Firmin, ọ̀dọ́mọkùnrin ará ìsàlẹ̀ odò tó ń bá ìgbìmọ̀ ṣiṣẹ́, ló jọ wá sí àgbàlá Ajíbọ́lá.

"Ìyá, ẹ káàárọ̀," Jean-Baptiste ní. Oòrùn ti ń wọ̀.

"Ẹ káalẹ́, Mùsíè."

"Àwọn ọmọ lékọ̀ọ́lù yóò wá, láti Ìdígní, láti Òdómẹ̀ta, láti Adakplamè, láti Kétu níbí. Òjìlélọ́ọ̀ọ́dúnrún ni gbogbo wọn. Wọn yóò rìn, wọn yóò kọrin. Ìgbìmọ̀ fẹ́ kí ẹ ṣe ẹran kọ̀ọ̀kan fún wọn. Ẹran kékeré. Minyọ̀n."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Firmin bá a túmọ̀ rẹ̀. "Ó ní kó wuni bí ọmọ tuntun, ìyá."

Inú Ajíbọ́lá dùn débi pé kò mọ ìgbà tó ń fi ìka ka orúkọ ẹran. "Màá ṣe erin! Màá ṣe kìnnìún, màá ṣe ọ̀nì, màá…"

"Ó tì, ó tì!" Jean-Baptiste na ọwọ́ méjèèjì. "Erin kọ́, kìnnìún kọ́. Àwọn ọmọdé yóò bẹ̀rù. Ẹran ilé ni. Àkùkọ, àgbò, ẹyẹlé. Èyí tí ẹ máa ń ṣe yẹn gan-an."

Ẹ rántí o: ẹnu Jean-Baptiste fúnra rẹ̀ ni orúkọ àwọn ẹran náà ti jáde.

Ọjọ́ mẹ́rin ni Ajíbọ́lá fi ṣe é. Ó yan àgbàdo títí èéfín fi bo àdúgbò, tí adìẹ fi ń wọ ilé sùn lọ́sàn-án gangan. Bàbá Làmídì, aránṣọ tí ògiri kan ṣoṣo pín ilé wọn níyà, tó sì ń pe Ajíbọ́lá ní ìyàwó nítorí pé òun àti baba Ògúndìran jọ dàgbà ni, yọ orí lókè ògiri.

"Ìyàwó, ṣé ìjọba ní kí o sun Kétu ni?"

"Àádùn ni, Bàbá. Òjìlélọ́ọ̀ọ́dúnrún."

"Èmi ńkọ́? Ṣé ìjọba ò mọ̀ pé èmi náà gba òmìnira?"

Ajíbọ́lá fún un ní ìgbín kan tó ya lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó gbé e sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ní ìgbín ọ̀hún kò ní ẹlẹ́gbẹ́ láti ibí títí dé Mẹ́kà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Àgbáńgbá nítòsí yìí ni ibi tó jìnnà jù tí òun fúnra rẹ̀ dé rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ fẹ́ẹ̀tì, wọ́n fi àwo pẹrẹsẹ mẹ́jọ gbé àwọn ẹran náà lọ sí pápá lékọ̀ọ́lù, wọ́n sì tò wọ́n sórí tábìlì gígùn. Ajíbọ́lá dúró wò wọ́n. Oòrùn àárọ̀ kan epo ara wọn, wọ́n ń dán. Gbogbo ojú atare náà kọ sí i bí ọmọ tó ń dúró de oúnjẹ. Màdámù Victorine, olùkọ́ tó ń kó àwọn ọmọ jọ, na ọwọ́ sí ìjàpá kan, ó tún fà á padà.

"Ìyá, ó ṣeni láàánú láti jẹ."

"Ẹ jẹ ẹ́ jàre. Nítorí jíjẹ la ṣe ṣe é."

Ó wá sáré lọ sílé lọ wẹ̀, kó sì wọ aṣọ fẹ́ẹ̀tì. Àṣìṣe tó ṣe nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé ó wẹ̀ kó tó kúrò nílé ni, kò sí ohun tí à bá máa rò níbí.

Nígbà tó fi máa padà dé, ìlú ti kún pápá. Àwọn ọmọ lékọ̀ọ́lù ti tò, eruku ọ̀nà Ìdígní ti dé orúnkún wọn. Àwọn ti Adakplamè ti ń rìn láti ìdájí, ebi sì ti fà wọ́n lójú sínú. Ajíbọ́lá ń fi ẹ̀rín wọ inú èrò lọ, ó ń retí ariwo àwọn ọmọ. Kò gbọ́ nǹkan kan. Àyíká tábìlì náà ṣófo bí ẹni pé wọ́n fi ìgbálẹ̀ gbá èèyàn kúrò níbẹ̀. Ogójì ẹsẹ̀ bàtà ni gbogbo ìlú fi jìnnà sí i. Àwọn àgbàlagbà kan ti ṣí fìlà.

Ó wo tábìlì. 

Màrìwò ló yí i ká. Kì í ṣe imọ̀ ọ̀pẹ lásán bí èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ sí ẹnu ọ̀nà o. Màrìwò gidi, ọ̀mùnú ọ̀pẹ tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tí wọ́n ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, tí wọ́n fi dí tábìlì náà ká láti etí dé ilẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi tí ẹsẹ̀ ọ̀gbẹ̀rì kò gbọdọ̀ dé. Ní àárín tábìlì gan-an, láàárín àwọn ẹyẹlé àti àwọn ìgbín, wọ́n gbé àwo obì kan kalẹ̀. Obì tí wọ́n fẹ́ fi kí àlejò káàbọ̀ ni, ṣùgbọ́n ta ló mọ̀?

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ìlú ń sọ.

"Epo rèé."

"Atare rèé. Ẹ wò ó lójú wọn, ojú kan ò ṣẹ́kù."

"Ìgbín, ìjàpá, àgbò, àkùkọ, ẹyẹlé."

"Obì náà ti wà níbẹ̀."

"Ẹ̀yin rò pé ọ̀fẹ́ ni òyìnbó fi òmìnira sílẹ̀ ni? Ètùtù rẹ̀ nìyẹn!"

Clémence, elépo tó ń jókòó sí iwájú àtẹ Ajíbọ́lá lọ́jà láti ọdún mẹ́jọ, ló wá fi èyí tó burú jù lé e. Ó ti ń ka àwọn ẹran náà láti ìgbà tó ti dé. "Òjìlélọ́ọ̀ọ́dúnrún ni," ó ní. "Àwọn ọmọ lékọ̀ọ́lù ńkọ́, mélòó ni wọ́n sọ pé wọ́n jẹ́?"

"Òjìlélọ́ọ̀ọ́dúnrún."

"Yéè! Ẹran kan fún orí ọmọ kan!"

Àwọn ìyá wọ inú ìlà, kálukú di ọmọ tirẹ̀ mú lọ́rùn aṣọ. Ẹni tí kò rí ọmọ tirẹ̀ mú di ọmọ ẹlòmíràn mú. Clémence kọjú sí Ajíbọ́lá, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ajíbọ́lá, ìwọ náà? Àwa tí a jọ ń jókòó! O fi ọwọ́ ara rẹ mọ wọ́n?"

"Clémence, ṣé orí rẹ pé? Àádùn ni!"

"Èwo ni ti màrìwò lára àádùn?"

 Ajíbọ́lá náà fẹ́ mọ̀. Ó yí padà, ó wá Jean-Baptiste lọ. Ó bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi àsíá, ó ń tún táì ọrùn rẹ̀ ṣe, Firmin dúró tì í bí adìẹ tí òjò pa.

"Mùsíè, ta ló fi màrìwò yí oúnjẹ mi ká?"

"Ó dára, àbí?" Ojú rẹ̀ ń tàn. "Èmi ni mo yàn án."

"Ẹ yọ ọ́."

"Kí ló dé?"

"Firmin!" Ajíbọ́lá kọjú sí i. "Ìwọ tí kì í ṣe ará Dakar. O ò lẹ́nu ni?"

Firmin fẹ́ sunkún. "Ìyá, mo sọ fún un. Mo kọ́kọ́ gé imọ̀ ọ̀pẹ tó ti dàgbà wá. Ó ní ó dúdú jù, pé kò ní hàn dáadáa nínú fótò. Ó wá na ìka sí orí ọ̀pẹ, sí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ láàárín, ó ní, 'Ìyẹn! Ìyẹn ló ń dán!' Mo ní, 'Mùsíè, màrìwò nìyẹn.' Ó ní ṣé mo wá kọ́ òun ní orúkọ ewé ni, tàbí mo wá gé e."

"Ìyá, ewé ni," Jean-Baptiste ní pẹ̀lú sùúrù, bí ẹni ń bá ọmọ tó ń ṣàìsàn sọ̀rọ̀. "Ewé lásán. Kò ní májèlé. Ẹ jẹ́ kí àlejò ìjọba tó ń bọ̀ láti Kùtọnù dé, ká ya fótò, lẹ́yìn náà a óò yọ ọ́."

"Lẹ́yìn fótò! Ta ni yóò kù lẹ́yìn fótò? Mùsíè, gbogbo ìlú gbà pé ẹbọ ni mo rú fún yín! Bí ẹ bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí di ọ̀sán, kò sí ọmọ Kétu kan tí yóò tún fi ọwọ́ kan iṣẹ́ mi mọ́ láyé!"

"Ẹbọ?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin èèyàn! "Ìyá, a ti gba òmìnira."

Kí Ajíbọ́lá tó tún la ẹnu, ọkọ káminyọ̀n àlejò ti dé.

Àlejò ará Kùtọnù náà sanra, ó ń làágùn, kò sì burú léèyàn. Faransé ló sọ. Jean-Baptiste kò jẹ́ kí Màdámù Victorine túmọ̀; òun ni alága, òun ni yóò túmọ̀. Àlejò sọ̀rọ̀ títí, Jean-Baptiste ní, "Ó ní ẹ kú fẹ́ẹ̀tì." Àlejò tún sọ̀rọ̀ títí, ó la ọwọ́ méjèèjì sí àwọn ọmọ lékọ̀ọ́lù, ó fi ọwọ́ kan àyà. Ó ní ìjọba tuntun yóò máa bọ́ àwọn ọmọ wọn. Jean-Baptiste fẹ́ sọ pé ìjọba yóò fún àwọn ọmọ yín ní oúnjẹ. Ó fa ohùn sókè kí ẹni tó wà lẹ́yìn lè gbọ́:

"Ó ní, ìjọba yóò fi àwọn ọmọ yín ṣe oúnjẹ!"

 Igbe ta. Ìyá mẹ́ta ṣubú lu ara wọn. Bàbá kan gbé ọmọ méjì sí abíyá, ó forí lé ọ̀nà Òdómẹ̀ta, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà kì í ṣe tirẹ̀. Àlejò Kùtọnù rò pé inú ìlú ń dùn sí ọ̀rọ̀ òun, ó ń fi ọwọ́ kí wọn.

Ajíbọ́lá kò sunkún, kò pariwo. Ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó sọdá ilẹ̀ tó ṣófo náà tààrà, ó dé ibi tábìlì, ó di màrìwò náà mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó sì fà á ya láti òkè dé ilẹ̀. Fààà!  Ẹni tó ń sá dúró. Ó ju màrìwò náà sí ẹsẹ̀ Jean-Baptiste, ó mú àgbò kan, ó sì gé orí rẹ̀ jẹ.

"Ẹ wò mí!" ó ní, ìyẹ̀fun ń fò lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ wò mí dáadáa! Èmi Ajíbọ́lá, ọmọ Òdómẹ̀ta! Àgbàdo ọkọ mi ni! Ṣé ẹ ti rí ẹbọ tí aláwo fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ rí?"

Gbogbo ojú wà lára ikùn rẹ̀, wọ́n ń wò ó bóyá yóò wú.

"Ìyẹn àgbò nìyẹn!" ẹnìkan ké láti ẹ̀yìn. "Ìjàpá ńkọ́?"

Ó jẹ ìjàpá.

"Ẹyẹlé ńkọ́?"

Ó jẹ ẹyẹlé, tojútojú. Atare ta á, omi ń dà lójú rẹ̀ wàràwàrà, kò sì dúró.

"Àkùkọ!"

Ó jẹ àkùkọ. Ẹni tó bá mọ àádùn mọ̀ pé kì í ṣe oúnjẹ tí èèyàn ń fi ìbínú jẹ láìsí omi. Nígbà tó máa fi dé orí ìgbín, ọ̀fun rẹ̀ ti dí pa. Ó na ọwọ́, kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Àwọn kan ti ń sọ pé, "Ó dé, ó ti ń mú un."

Ìgbà náà ni Bàbá Làmídì jáde láti inú èrò pẹ̀lú búùtà àlùwàlá rẹ̀. Kò yára. Gbogbo Kétu ló mọ̀ pé ọkùnrin yìí kì í fi ẹnu kan ẹran tí kò bá mọ ẹni tó pa á, pé ó ti kọ oúnjẹ ìkómọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sílẹ̀ rí nítorí adìẹ kan tí kò dá a lójú. Ó fún Ajíbọ́lá lómi. Ajíbọ́lá mu ún gbùgbù. Bàbá wá wo àwọn àgbò tó kù lórí àwo.

"Ìyàwó," ó ní, ohùn rẹ̀ lọ sókè, "ta ló dúńbú àwọn àgbò yìí?"

"Èmi ni, Bàbá. Eyín mi ni mo fi dúńbú wọn."

"Ṣé o ṣe bísímílà sí i?"

"Ẹ bá mi ṣe é."

"Bísímílà!" Bàbá Làmídì ní, ó sì gbé odindi ẹyẹlé kan jù sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́, ó tún mú òmíràn. Ó ní, "Kò tíì sí ẹbọ tí wọ́n fi oyin sí tó báyìí."

Àwọn ọmọ Òdómẹ̀ta ló kọ́kọ́ já. Ajíbọ́lá ti kígbe orúkọ ìlú wọn, ọmọ ìyá wọn ni, wọn kò sì ní ìyá púpọ̀ nítòsí tó lè dì wọ́n lọ́rùn aṣọ. Wọ́n ya lu tábìlì bí eéṣú. Ti Ìdígní tẹ̀ lé wọn, ti Adakplamè kò tilẹ̀ dúró yọ ojú atare kúrò. Jean-Baptiste ń ké, "Fótò! Fótò mi!" Ayàwòrán gbìyànjú, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú fótò ọ̀hún ni Ajíbọ́lá tó la ẹnu sílẹ̀, ìdí ọmọ mẹ́tàdínlógún, àti àlejò Kùtọnù tó ń jẹ ìrù àkùkọ, tó ń sọ pé, "Minyọ̀n."

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Kétu kò jẹ. Ìyá wọn dì wọ́n mú. Àwo méjì kù sórí tábìlì, ọgọ́rin ẹran àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, oòrùn ń yọ́ epo lára wọn.

Jean-Baptiste wá bá a nígbà tí àlejò ti lọ. "Ìyá, ẹ ti ba ètò jẹ́."

"Èmi?" Ajíbọ́lá fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. "Èmi ni mo ba ètò jẹ́? Mùsíè, ẹ̀yin lẹ ní kí n má ṣe erin. Ẹ̀yin lẹ ní ẹran ilé. Ẹ̀yin lẹ gé màrìwò, ẹ̀yin lẹ gbé obì sí i, ẹ̀yin lẹ sọ fún àwọn ìyá ọlọ́mọ pé ìjọba yóò jẹ wọ́n lọ́mọ! Ó ku kí ẹ fi ewé di èmi fúnra mi! Ṣé ẹnikẹ́ni ò lè bi èèyàn léèrè nínú Dahomey yìí mọ́ kí ó tó so nǹkan mọ́ oúnjẹ rẹ̀? Ogún ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ìlú yìí láti sáré wá sọ́dọ̀ mi. Wákàtí kan lẹ fi kọ́ wọn láti sá lọ. Ẹ wá ń bá mi sọ ètò!"

Jean-Baptiste la ẹnu, ó sì wo Firmin kó bá a túmọ̀. Firmin wo ilẹ̀. Ó ní, "Mùsíè, kò sí nínú Faransé."

Ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, Ajíbọ́lá gbé igbá rẹ̀ lọ sọ́jà. Ó ti mọ ogójì ẹran sínú rẹ̀. Oòrùn dé àárín ọ̀run, ogójì ṣì ni wọ́n. Àwọn obìnrin ń kọjá, wọ́n ń kí i láti òkèèrè, wọ́n ń mú ọmọ wọn sí ọwọ́ òdìkejì. Àwọn aláàádùn yòókù, tí tiwọn kò lójú, ń tà wàràwàrà.  Kò pe ẹnikẹ́ni, kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ó kàn jókòó, òun àti ogójì ẹran, wọ́n ń wo ọjà lójú.

Clémence dìde níbi epo rẹ̀. Ó lọ síwájú, ó padà, ó tún lọ síwájú. Ó wá dúró níwájú igbá.

"Ajíbọ́lá, bù fún mi."

"Èwo? Àgbò ni àbí ẹyẹlé?"

"Ṣé… ṣé kò sí èyí tí kò lójú? Sáà bá mi ṣù ú róbótó."

"Èyí tí kò lójú wà lọ́wọ́ àwọn tó jókòó lọ́hùn-ún yẹn. Lọ ra tiwọn."

"Mo ti ra tiwọn. Ọmọ mi jù ú nù." Clémence rẹ ohùn sílẹ̀. "Láti ọjọ́ fẹ́ẹ̀tì ló ti ń sunkún. Ó ní àwọn ará Òdómẹ̀ta jẹ ìjàpá, òun ò jẹ."

"Ta ló dì í lọ́rùn aṣọ?"

"Ajíbọ́lá, jọ̀ọ́."

"Ta ló kà wọ́n lọ́jọ́ náà? Ta ló ní ẹran kan fún orí ọmọ kan? Ọdún mẹ́jọ, Clémence! Epo tí wọ́n sọ pé epo ẹbọ yẹn, ọwọ́ ta ni mo ti ń rà á?"

 Clémence wo ọ̀tún, ó wo òsì. Gbogbo ọjà ń fi ojú wọn nǹkan tí kò sí nínú òṣùwọ̀n.

Ajíbọ́lá mú ìgbín kan nínú igbá, ó nà án sí i. "Mi ò ṣù ú róbótó fún ẹnikẹ́ni. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Kọ́kọ́ jẹ èyí níbí, lójú mi, kí n tó ta ìjàpá fún ọmọ rẹ."

Clémence gba ìgbín náà. Ó yí i lọ, ó yí i bọ̀, bí ẹni ń wá ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó gbàgbé láti yọ ojú rẹ̀. Ó gé e jẹ, ó dúró, ó jẹ ẹ́, atare ta á, ó fẹ́ ẹnu fẹ̀ẹ̀fẹ̀ẹ̀. Ó tún gé e jẹ.

"Ó dùn," ó ní wẹ́lẹ́.

"Mo mọ̀," Ajíbọ́lá ní, ojú rẹ̀ kò sì tíì rọ̀. "Yíjú sí ọjà, kí o tún un sọ, kí àwọn tó ń díbọ́n lẹ́yìn yẹn pé àwọn ò wò wá lè gbọ́."